Abẹ́òkúta ni orin àkọsílẹ̀ Yorùbá ti ṣẹ̀

Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ olóhun-èlò ńlá kan nílẹ̀ òkèèrè bá ṣe orin Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá tó ń ṣe orin àkọsílẹ̀, ìyẹn orin tí a fi àmì ìró kọ sínú ìwé, Èkó ni àwọn òpìtàn máa ń sáré lọ láti wá orísun rẹ̀, ní Kàtídírà Marina, níbi tí Thomas Ekundayo Phillips ti tẹ dùùrù láti 1914 títí di 1962. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ibi tí odò ti ṣẹ̀ kì í jókòó sétí ọ̀sà.

Ní 1846 ni àwọn ajíhìnrere fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn wọn sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n túmọ̀. Wọ́n fi ìró rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà nílé wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan náà ni à ń pe ohùn tó ń ti ẹnu ènìyàn jáde àti ohùn tó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó wà ní àárín, ọkọ ìyàwó á di ọkọ́ tí a fi ń roko, bó bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di ọkọ̀ ojú omi. Lójú tèmi, àwọn àgbà Ẹ̀gbá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aké láyé ọjọ́un á ti máa rẹ́rìn-ín sínú bí wọ́n ṣe ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀, bóyá inú ẹ̀rín yẹn gan-an ni iṣẹ́ orin àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi gègé kan ìwé.

Ẹni tó sọ ẹ̀rín náà di iṣẹ́ ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní 1855. Ó mú ìró orin tí àwọn Ẹ̀gbá ti ń kọ tẹ́lẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìhìnrere sí i lọ́nà tí ohùn kò fi pa ìtumọ̀ lára. Ní 1922, ó kọ orin 43 sínú àwo fún Zonophone, ilé-iṣẹ́ agbáwojáde, ní Lọ́ńdọ̀nù. Phillips náà ṣe gudugudu méje, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ṣùgbọ́n àlàyé ni ìyẹn lórí ohun tó ti wà nílẹ̀.

Ọmọ ẹ̀kọ́ Phillips ni Ṣówándé lóòótọ́, Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì bí i sí ní 1905, àmọ́ ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: Ṣó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bíi ti Ṣóyínká, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló ń jẹ́ ẹ jù. Nínú African Suite tó kọ ní 1944, ọgbọ́n Ransome-Kuti náà ló lò: ó yá ìró orin Ephraim Amu ará Gánà, ó sì fi orin háíláìfù tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe apá ìkẹyìn, Àkínlá. Ó kọ símfónì fún òmìnira 1960. Èkó fi í joyè Bágbilé ní 1968 (wọn kò kúkú kọ ọmọ ọlọ́mọ), Yunifásítì Ifẹ̀ sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1972. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba ló tẹ̀lé e. Ti Euba ni ọ́pẹ́rà Chaka, tó gbé ka ewì Senghor, akéwì ará Sẹ̀nẹ̀gà. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ẹgbẹ́ olóhun-èlò Chineke! ṣe African Suite ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, Àkínlá ni wọ́n sì fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.