Bí Ọkọ̀ Ìpẹja Bass Ṣe Ń Sáré, àti Bí A Ṣe Ń Kọ́ Wíwà Rẹ̀

Ọkọ̀ ìpẹja bass (irú ẹja adágún kan ní Amẹ́ríkà) tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, tí ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 250 wà nídìí rẹ̀, lè sáré kọjá máìlì 70 ní wákàtí kan lórí adágún. Tó bá ti wọ eré yẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ nídìí rẹ̀ ló ṣì ń kan omi. Gbogbo ìyókù ti wà lókè. Omi ki ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, nítorí náà bí ọkọ̀ bá ṣe kúrò nínú omi tó ni yóò ṣe yá tó. Àmọ́ omi yẹn kan náà ló ń mú un dúró ṣinṣin. Ohun tó ń mú un yára ló ń mú un ṣòro dì mú, orí èyí sì ni gbogbo títò ọkọ̀ náà àti wíwà rẹ̀ dá lé.

Apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni irú ọkọ̀ yìí ti dàgbà. Ní Shreveport, ìpínlẹ̀ Louisiana, ni Holmes Thurmond ti kan ọkọ̀ Skeeter àkọ́kọ́ ní 1948. Ní 1967 Ray Scott ṣe ìdíje ẹja bass ńlá kan ní Beaver Lake, Arkansas, nígbà tó sì di 1968 Forrest Wood bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ Ranger ní Flippin, ní ìpínlẹ̀ Arkansas kan náà. Ìdíje ló sọ eré di dandan. Wákàtí kan wà tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti padà, ẹni tó bá sì fi wákàtí méjì rìnrìn àjò lórí omi ti pàdánù wákàtí méjì tí ì bá fi pẹja. Ẹ́ńjìnnì ń tóbi sí i títí àwọn ìdíje ńlá fi fi òpin sí i ní 250.

Ẹni tó ti wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú sọdá ọ̀sà lọ sí Èkó mọ irú ẹ́ńjìnnì tí à ń wí, èyí tí wọ́n gbé kọ́ ìta ìdí ọkọ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú ìkùn ọkọ̀. Ọkọ̀ èrò ń fi ibi tó gbòòrò lára ìkùn rẹ̀ tẹ omi. Ìkùn ọkọ̀ bass mú ṣóńṣó láti iwájú wá, ṣùgbọ́n tó bá kù díẹ̀ kó dé ìdí, wọ́n sọ ṣóńṣó náà di pẹrẹsẹ, ó wá dà bíi pèpéle tóóró kan. Orí pèpéle yìí ni ọkọ̀ ń gùn nígbà tó bá sáré.

Gíga ẹ́ńjìnnì ni a kọ́kọ́ ń tò. Jáàkì kan wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìdí ọkọ̀ tó ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. A óò wọn bí àárín ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì (èyí tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ síwájú) ṣe jìn sísàlẹ̀ pèpéle tó. Ínǹṣì 3 sí 3.5 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, a óò máa gbé e sókè ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a óò wà á, a óò sì kọ ohun tí a rí sínú ìwé. Géèjì tó ń fi agbára omi inú ẹ́ńjìnnì hàn ni kí ojú máa wà lára rẹ̀. Omi adágún ni ẹ́ńjìnnì ń fà láti fi mú ara rẹ̀ tutù, bí ó bá ga jù, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà. Bí géèjì bá já wálẹ̀, kí a sọ jáàkì kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tó gbẹ kì í pẹ́ jóná.

Abẹ̀bẹ̀ náà ní nọ́ńbà lára. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 25, ó túmọ̀ sí pé yóò lọ síwájú ní ínǹṣì 25 nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí síkúrù bá ń wọ igi. Omi kì í ṣe igi, ó máa ń yọ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 5,800 ní ìṣẹ́jú kan, tí jíà rẹ̀ sì jẹ́ 1.75, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 1.75 kí abẹ̀bẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Fi 1.75 pín 5,800, sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 25, kí o wá fi 1,056 pín in, yóò jẹ́ máìlì 78.5 ní wákàtí kan. (1,056 yẹn ni ínǹṣì 63,360 tó wà nínú máìlì kan, tí a fi 60 pín.) Bí GPS bá wá sọ pé 72 ni ọkọ̀ ń sá, omi ti yọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ní nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn dára. Bí yíyọ̀ náà bá ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè, a ti gbé e kọjá ibi tó yẹ, tàbí kí abẹ̀bẹ̀ náà má bá ọkọ̀ mu.

Ẹrù náà ṣe pàtàkì: gálọ́ọ̀nù epo kan wúwo tó pọ́ùn 6, gálọ́ọ̀nù omi kan nínú àgbá tí wọ́n ń fi ẹja sí wúwo ju pọ́ùn 8 lọ. Ẹrù tó bá pọ̀ níwájú ń tẹ imú ọkọ̀ mọ́ omi.

Sítíárìn ni kò gba àforítì rárá. Kí ọkọ̀ tó kan omi, nígbà tó ṣì wà lórí tírélà, kí ẹnì kan di sítíárìn mú gírígírí, kí ẹlòmíì mi ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá mì, kí wọ́n tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó fi sáré. Sítíárìn tí ọ́ìlì ń tì ni ó yẹ irú ọkọ̀ yìí. Ó tún yẹ kí ó ní pẹ́dà tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti fún un níná, àti bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ sítíárìn tí a fi ń yí igun ẹ́ńjìnnì, kí ọwọ́ méjèèjì lè wà lórí sítíárìn.

Ó wá kan wíwà. A óò fi bọ́tìnnì igun fa ẹ́ńjìnnì wọlé pátápátá, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ìdí ọkọ̀, a óò fún un níná. Imú ọkọ̀ yóò gbéra, yóò sì tún sọ̀ kalẹ̀ sórí omi. Láti ibẹ̀ ni a óò ti máa ta ẹ́ńjìnnì síta díẹ̀díẹ̀. Imú yóò máa gòkè, sítíárìn yóò máa fúyẹ́, ọkọ̀ yóò sì máa yára láìjẹ́ pé a fi iná kún un. Bí imú bá ń fò sókè sódò bí ẹni ń gún iyán, a ti ta á jù fún eré tí a ń sá. Kí a fà á wọlé díẹ̀.

Níbi tí eré bá ti pọ̀ ni ohun tí àwọn awakọ̀ ń pè ní chine walk ti ń bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn, yóò tẹ̀ sósì, yóò tẹ̀ sọ́tùn-ún, ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sì le ju ti ìṣáájú lọ. Orí pèpéle tóóró ló dúró sí, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí sọ́tùn-ún sì ń ti ara ọkọ̀ sósì. (Ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ìjókòó awakọ̀ sí ń bá a dọ́gba díẹ̀.) Awakọ̀ tuntun máa ń dúró kí ọkọ̀ tẹ̀ tán kó tó yí sítíárìn, ìyẹn ló sì ń mú un burú sí i, torí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá fi dáhùn, ọkọ̀ ti ń padà bọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń yí sítíárìn ní ìwọ̀n ínǹṣì kan ṣáájú kí ìtẹ̀ náà tó dé, bí onílù tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ oníjó ń bọ̀. Bí apá kò bá ká a, kí a fa ẹ́ńjìnnì wọlé díẹ̀, kí a sì rọra dín iná kù. Kí a má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà! Imú ọkọ̀ yóò já wọ omi, yóò mú un yí po lójijì, yóò sì ju àwọn tó wà nínú rẹ̀ síta.

Ìdí nìyí tí okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá já bọ́ fi gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún awakọ̀ ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀wù ìléfòó náà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún eré gíga. Ní máìlì 70, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 20 ń kọjá gígùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì ní bíréèkì.

Àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ ló dára láti fi kọ́ ọ, níbi tí omi ti gùn tí kò sì sí ọkọ̀ mìíràn, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní ìjókòó kejì. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní 50, kí a sì máa fi máìlì díẹ̀ kún un títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ibẹ̀ ni kí a dúró sí, kí a máa wà á títí yóò fi mọ́ wa lára, kódà bó bá gba ọjọ́ mélòó kan. Lórí adágún bíi Toledo Bend, láàárín Texas àti Louisiana, níbi tí kùkùté igi pọ̀ lábẹ́ omi, inú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí fún ọkọ̀ nìkan ni a ti ń sáré. Nígbà tí a bá sì kó ẹrù ìdíje sínú ọkọ̀, tí epo kún, tí ẹnì kejì wọlé, ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ ti yí padà: a óò tún gíga jáàkì wò, a óò sì tún padà bẹ̀rẹ̀ láti 50.