Kí ló dé tí Ògúndé fi ń fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ń kọ́ iṣẹ́ tíátà ní Yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Lọ́jọ́ tá a jọ ń sọ̀rọ̀ Hubert Ògúndé, ará Ọ̀sọ̀sà, ọ̀gá eré orí ìtàgé tó fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé kò rí obìnrin mìíràn fẹ́ ni?" Mi ò rí èsì fún un. Kí ló fà á gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ má sọ fún un pé obìnrin ló pọ̀ lójú ẹ̀ o. Nígbà tí Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ lọ́dún 1945, tó sì tìtorí ẹ̀ kọ iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, alágbe làwọn èèyàn ń pe òṣèré. Ta ni yóò fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ kó máa bá alágbe kiri? Ògúndé bá ta ọgbọ́n: ó polówó pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Àwọn ọmọge dé, wọ́n rí i pé orí ìtàgé niṣẹ́ wà. Bàbá àwọn kan wá fà wọ́n padà sílé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sanwó ilé-ìwé fún irú iṣẹ́ yìí lónìí, bó bá jẹ́ ayé ìgbà yẹn ni, ẹ̀yin náà ì bá wà lára wọn.)

Èyí tó bá dúró ńkọ́? Wọ́n á kọ́ ọ lórin, wọ́n á kọ́ ọ níjó. Ó mọ̀ ọ́n tán, ọkọ dé, ọkọ ní ìyàwó òun kò gbọdọ̀ jó lójú èrò mọ́. Ẹgbẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látorí A, B, D. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ gan-an lọkọ, ta ló fẹ́ gbà á lọ? Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i nìyẹn, tí wọ́n fi lé ní mẹ́wàá.

Ìbéèrè: Kí wá niṣẹ́ àwọn ìyàwó náà?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ń bẹ o! Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, orin ìṣíde á wáyé: àwọn ìyàwó á tò síwájú nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, saksafóònù lọ́rùn, wọ́n á máa fun ún. Ẹni tó fun fèrè tán lè sáré wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, kó wé gèlè, kó padà wá ṣe ìyálé nínú eré. Adéṣẹwà Clementina lọ́jẹ̀ láàárín wọn. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á lọ́dún 1970, lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣeré.

Ìbéèrè: Ṣé Ògúndé nìkan ló fẹ́ òṣèré rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó ṣe Ọya nínú eré Ọba Kò So, Abíọ́dún, ìyàwó Dúró Ládípọ̀ tó ni ẹgbẹ́ eré náà ni.