Ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n, kì í ṣe kámẹ́rà

Fi fóònù ya aṣọ méjì tí wọ́n sá sóòrùn ní Òṣogbo ìlú aró, ọ̀kan tí wọ́n fi elú pa láró, èkejì tí wọ́n fi aró òyìnbó pa. Wọ́n lè jọra délẹ̀ nínú fọ́tò, torí àwọ̀ mẹ́ta péré ni kámẹ́rà fóònù ń wọ̀n: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Máíkróskóòpù hyperspectral, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá tó sì ń tú àwọ̀ rẹ̀ wò, ń pín ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọgọ́rùn-ún lọ. Òun ló fi ń ya GFP, purotéènì tó ń tàn bí àwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń sàmì sí inú sẹ́ẹ̀lì, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn jù ní nǹkan bíi nánómítà 509, sọ́tọ̀ kúrò lára YFP, irú rẹ̀ tó ń tàn bí àwọ̀ ìyeyè, tí tirẹ̀ wà ní nǹkan bíi 527.

Bó bá wá kan ti kí ó yára, wọ́n á ní ẹ lọ ra kámẹ́rà tó ń sáré. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí èèyàn nínú. Ìmọ́lẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń mú wá kò tó nǹkan. Bí ẹ bá sì fi iná tó le tàn án, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lè kú.

Asẹ́ tó ń jẹ́ kí àwọ̀ kan kọjá lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí ọ̀nà bá jẹ́ 64, bí ọ̀kan ṣe ń kọjá ni 63 ń ṣòfò. Kí asẹ́ tó kan àwọ̀ ìkẹyìn, mitochondria, ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára, ti kúrò níbi tó wà. Kọ̀ǹpútà á wá so orí ohun kan mọ́ ìrù òmíràn, á ní òun rí àwọ̀ tuntun!

Ọgbọ́n tó dára jù ni ti àwọn dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gé àwòrán sí ọ̀já-ọ̀já, tí wọ́n ń fi àlàfo sáàárín wọn. Prism, gíláàsì tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀-àwọ̀, á tẹ́ àwọ̀ ọ̀já kọ̀ọ̀kan sínú àlàfo rẹ̀, kámẹ́rà á sì yà gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà 2048 × 2048 tí a bá pín sí ọ̀nà 64, àwòrán 256 × 256 ló máa kù.

Iye ọ̀nà ni àwọn tó ń tà á fi ń yangàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá ka ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣì í kà díẹ̀. Bó bá jẹ́ àmì mẹ́ta la fi sínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà mẹ́wàá tí a fara balẹ̀ yàn lè sàn ju 64 lọ: ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan á pọ̀ sí i, àkókò tí a fi ń yà á á sì dín kù.