Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 kì í ṣe kànńpá

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà àti èwe pé láyé Awólọ́wọ̀, ọlọ́pàá ló ń gbé bàbá tí kò bá fi ọmọ sílé ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe kànńpá.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kànńpá wà nínú àbá tí S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé síwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1952. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ọdún 1955, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ilé ìwé kò tó, tíṣà kò tó. Ta ni wọ́n fẹ́ tì mọ́lé nítorí ọmọ tí kò rí àyè jókòó?

Ohun tí wọ́n fipá gbà ni owó. Owó tí wọ́n bù lé owó orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí aráàlú nínú gan-an, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ alákùkọ (NCNC) na Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Àgbẹ̀ olóko kòkó náà ń rò ó pé, ta ni yóò máa bá òun re oko?

Síbẹ̀, àwọn òbí kó ọmọ wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tó 460,000 lọ́dún 1954 di ohun tó lé ní 800,000 lọ́dún kan péré. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Tíṣà a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá, kó fi kan etí òdìkejì. Bí ọwọ́ kò bá tó o, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìdí tí ìtàn ọlọ́pàá yẹn fi ń dùn mí nìyí: ó gba iyì lọ́wọ́ àwọn òbí tó fínnúfíndọ̀ fà ọmọ wọn lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé.

Òfin kànńpá fún gbogbo Nàìjíríà dé lọ́dún 2004. Ó ní kí òbí rí i pé ọmọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Ìkìlọ̀ ni fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀; lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn 2,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà ló sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án yẹn nílé ìwé ìjọba, àti pé ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lórí rẹ̀ ti rú òfin.