Iṣẹ́ tí ọmọ ọwọ́ ti ṣe kó tó pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ pe "màmá" tàbí "bàbá", gbogbo ilé á hó yèè. Wọ́n á pe ìyá àgbà lórí fóònù, wọ́n á ní kí ọmọ tún un pè. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka ọjọ́ orí èdè lẹ́nu ọmọ, ìṣirò náà kò sì tọ̀nà rárá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá fi máa jáde, ní nǹkan bí ọmọ ọdún kan, èyí tó nira jù nínú iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò sì sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń ṣe é. Bí ọmọ ṣe ń ti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí méjì, tó fi ń to gbólóhùn, ojú òbí ló ń ṣe. Ọdún àkọ́kọ́ tó fara sin ló yẹ kí a dúró lé lórí.

Láti inú oyún ni etí ti ń gbọ́, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kì í dé ibẹ̀ ketekete, torí ara ìyá àti omi tó yí ọmọ ká máa ń bo ọ̀pọ̀ ìró mọ́lẹ̀, àmọ́ ìlọsókè-sódò ohùn máa ń kọjá. Lọ́dún 1980, àwọn olùwádìí méjì, Anthony DeCasper àti William Fifer, fi ọmú rọ́bà sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé. Bí ọmọ bá ṣe fà á ló máa pinnu bóyá ohùn ìyá rẹ̀ ló máa gbọ́ tàbí ti obìnrin mìíràn, àwọn ọmọ náà sì yí bí wọ́n ṣe ń fà á padà kí ohùn ìyá wọn lè máa wá. Lọ́dún 2009, Kathleen Wermke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba igbe ọmọ tuntun 60 sílẹ̀, 30 láti ilé tí wọ́n ti ń sọ Faransé, 30 láti ilé tí wọ́n ti ń sọ Jámánì. Igbe àwọn ti Faransé ń gòkè lọ. Ti àwọn Jámánì ń bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń wálẹ̀. Bí gbólóhùn èdè méjèèjì ṣe sábà máa ń rìn nìyẹn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ti ń sunkún ní èdè ìyá rẹ̀.

Nígbà tó bá délé ayé tán, ó gbé etí sílẹ̀ fún gbogbo èdè tó wà láyé, torí kò mọ èyí tí wọ́n máa fi tọ́ ọ. Àgbàlagbà ará Japan máa ń làágùn kó tó lè ya r sọ́tọ̀ kúrò lára l. Ọmọ oṣù mẹ́fà ní Japan kan náà ń yà wọ́n láìsí wàhálà. Janet Werker àti Richard Tees ló fi bí èyí ṣe ń parẹ́ hàn lọ́dún 1984. Wọ́n gbé ìró méjì tí àwọn tó ń sọ Híńdì ń yà sọ́tọ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì kò yà, síwájú àwọn ọmọ Kánádà tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Ní oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn. Àwọn kan ń pe èyí ní àdánù, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n ńlá ni. Etí tó bá ń fiyè sí gbogbo ìyàtọ̀ kò ní lè yára mú èyí tó ń yí ìtumọ̀ padà nínú èdè ilé rẹ̀. Ọmọ náà ń da èyí tí kò wúlò nù kó lè ráyè gbọ́ èyí tó wúlò.

Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣírò yìí. Karen Mattock àti Denis Burnham rí i lọ́dún 2006 pé àwọn ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ya ohùn èdè Thai sọ́tọ̀ dáadáa ní oṣù mẹ́fà, àmọ́ ní oṣù mẹ́sàn-án agbára náà ti ń dín kù. Kò dín kù lára àwọn tó ń gbọ́ Ṣáínà nílé, torí ohùn ń ṣiṣẹ́ nínú èdè tiwọn. Bó ṣe yẹ kó rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn: ọmọ tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ń kọjá létí rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní í ju ohùn nù. Ẹ tẹ́tí sí ọmọ tí gb ṣì le mọ́ lẹ́nu. Bó bá ń nawọ́ pé kí wọ́n gbé òun, á ní "bé mi". Ó gé kọ́ńsónáǹtì náà kù, àmọ́ ohùn wà níbi tó yẹ kó wà, ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ kò fi ní í ṣi í gbọ́.

Ibi tó yani lẹ́nu jù ṣì wà níwájú. Àlàfo tí à ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ lórí ìwé kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń sọ èdè tí òun kò gbọ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀: ṣe ni ìró ń ya wá bí omi òjò, kò síbi tí èèyàn á ti dì í mú. Yorùbá tún wá fi tirẹ̀ kún un, torí bí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé, ọ̀kan sábà máa ń pòórá. "Ó ti wálé." "Wọ́n ń kọ́lé." "A ń relé." Ilé wà nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ilé kò sí nínú ìkankan. Nídìí oúnjẹ ló tún wá lọ́jú pọ̀ jù. Nínú "jẹyán" àti "jẹṣu", fáwẹ̀lì oúnjẹ ló bọ́. Nínú "jàmàlà", fáwẹ̀lì "jẹ" fúnra rẹ̀ ló lọ, ó wá ku j nìkan. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún ọmọ pé "jẹ" kan náà ni. Síbẹ̀, ọmọ tó sọ pé òun ti jẹyán, bí wọ́n bá bi í pé kí ló jẹ, "iyán" ló máa dáhùn. Ó ti dá fáwẹ̀lì náà padà sí àyè rẹ̀.

Jenny Saffran, Richard Aslin àti Elissa Newport fi ọ̀kan lára ọ̀nà tí ọmọ ń gbà já ọ̀rọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ hàn lọ́dún 1996. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà to ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò nítumọ̀, oní-sílébù mẹ́ta mẹ́ta, irú bíi bidaku àti padoti. Wọ́n ń pè wọ́n tẹ̀ léra fún ìṣẹ́jú méjì péré, láìsí ìdánudúró, láìsí ìlọsókè-sódò ohùn, fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́jọ. Níbi tí bi bá ti yọ, da ló máa tẹ̀ lé e; àmọ́ lẹ́yìn ku, ọ̀rọ̀ mìíràn èyíkéyìí lè wọlé. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n ń fetí sílẹ̀ pẹ́ sí èyí tó so ìdí ọ̀rọ̀ kan pọ̀ mọ́ orí òmíràn ju bidaku lọ, torí ó ṣàjèjì sí wọn. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ó dà bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá sínú agboolé ńlá tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ìrìn ẹsẹ̀. Àwọn méjì kan kì í ya ara wọn: bí ọkùnrin yìí bá yọ, obìnrin yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn, ó mọ̀ pé yàrá kan náà ni wọ́n ti jáde. Àwọn mìíràn kàn pàdé lẹ́nu géètì lẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n kíra, wọ́n pínyà. Kó tó pẹ́, ó ti mọ ará ilé kọ̀ọ̀kan láìbéèrè. Lẹ́yìn náà á tún kíyè sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣí fìlà bó bá ń tẹ̀ lé àgbà, tó sì ń dé e bó bá ń dá lọ, á sì wá mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ilé tó pàdánù fáwẹ̀lì rẹ̀ lẹ́yìn "wá" nìyẹn, tó dé fìlà padà nínú "ilé wa".

Kì í ṣe ìró lásán ni etí yìí ń kà, ó fẹ́ èèyàn nídìí ẹ̀. Lọ́dún 2003, Patricia Kuhl, Feng-Ming Tsao àti Huei-Mei Liu kó àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà jọ. Ẹni tó ń sọ Ṣáínà ń bá àwọn kan ṣeré, ó ń kàwé fún wọn, ìgbà méjìlá, tí gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí márùn-ún lọ. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà látorí tẹlifíṣọ̀n tàbí látinú ẹ̀rọ. Àwọn tó rí èèyàn kọ́ ìró Ṣáínà náà. Àwọn tó wo tẹlifíṣọ̀n kò kọ́ nǹkan kan. Kátúùnù Yorùbá lórí fóònù kò lè gba iṣẹ́ yìí ṣe fún ọmọ ọwọ́. Ọmọ ń tẹ̀ lé ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń wo ohun tí ẹni náà ń wò, ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tí ìró dúró fún.

Bí etí ọmọ ṣe mú tó yìí ló jẹ́ kó burú láti máa sọ pé èdè méjì á da ọmọ lọ́pọlọ rú. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba Yorùbá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Krista Byers-Heinlein, Tracey Burns àti Werker dán àwọn ọmọ tuntun wò lọ́dún 2010, àwọn tí ìyá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Tagalog, èdè àwọn ará Philippines, nígbà oyún. Èdè méjèèjì ni wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n sì mọ ìkan yàtọ̀ sí èkejì. Iṣẹ́ mìíràn ti ọdún 2007 tún lọ jìnnà sí i: wọ́n fi fídíò ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé han àwọn ọmọ, wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ní oṣù mẹ́jọ, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ èdè méjèèjì nílé ṣì ń fi ìrìn ẹnu lásán mọ̀ pé èdè ti yí padà. Àwọn elédè kan kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Etí tó ń ka iye ìgbà kò sì lè ka ohun tí wọn kò sọ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ilé l'Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀n, Yorùbá tó ń dé etí ọmọ kò ju ìbáwí, orúkọ oúnjẹ àti àdúrà òwúrọ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣeré, òun ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìdí tí òṣùpá fi ń tẹ̀ lé ọkọ̀, òun ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ohun tó gbọ́ ni ọmọ náà kọ́: ó mọ "jókòó" àti "dákẹ́" dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa fi dáhùn.