Mọ́nítọ̀ 144 Hz: ohun tí nọ́mbà yẹn ń ṣe, àti ibi tó ti ń ṣòfò

Ẹni tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village, Ìkẹjà, lè rí mọ́nítọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì: ìwọ̀n kan náà, dúdú kan náà, àwòrán òkè kan náà lójú wọn. Ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ dáadáa. Ohun tó fà á ni pé 144 Hz ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, nígbà tí ti èkejì jẹ́ 60 Hz. Bí àwòrán ojú méjèèjì bá dúró sójú kan, kò sí babaláwo tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó wọ́n. Àfi kí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú wọn.

Àwòrán ojú mọ́nítọ̀ kì í sì í rìn ní ti gidi. Àwòrán tó dúró ni, tí òmíràn ń rọ́pò rẹ̀ léraléra títí ojú á fi gbà pé ohun kan ń sáré. Hz ni iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ìgbà ọgọ́ta fún 60 Hz, ìgbà mẹ́rìnlélógóje fún 144 Hz. Nọ́mbà yìí máa ń tan èèyàn, torí àǹfààní kì í ga bí nọ́mbà ṣe ń ga. Ohun tó yẹ ká máa wò ni àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń lò lójú kí èyí tó kàn tó dé. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, tí a pe ìdá kan ní ms, àwòrán orí 60 Hz ń lo 16.7 ms, ti 144 Hz ń lo 6.9, ti 240 Hz ń lo 4.2, ti 360 Hz ń lo 2.8. Ẹni tó kúrò ní 60 bọ́ sí 144 jèrè nǹkan bíi 10 ms lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Láti 144 sí 240, èrè náà kò pé 3. Láti 240 sí 360, kò ju 1.4 lọ. Owó ń gòkè, èrè ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ́kọ́ dé orí 144 Hz fi máa ń pariwo, tí ẹni tó bọ́ sí 360 sì máa ń tẹjú mọ́ ọn kó tó mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Kí ni 10 ms wá ń ṣe fún ojú? Bí ojú bá ń tẹ̀ lé ohun tó ń sáré, kì í dúró; ńṣe ló ń yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwòrán ojú LCD, irú ojú pẹlẹbẹ tó wà lára ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ òde òní, ní tirẹ̀ dúró gbagidi títí òmíràn fi dé. Ojú ti lọ, àwòrán kò lọ, ìyapa yẹn ló ń jẹ́ kí nǹkan fà gùn lójú, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ nu yíǹkì tí kò tíì gbẹ. A lè ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀tá kan nínú géèmù bá ń sá kọjá ní ìwọ̀n píksẹ́lì 960 (píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ara rẹ̀ á fà tó píksẹ́lì 16 lórí 60 Hz, 8 lórí 120 Hz, 4 lórí 240 Hz. Nínú géèmù ìbọn bíi Counter-Strike 2 tàbí Valorant, orí ọ̀tá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè má ju píksẹ́lì mélòó kan lọ, nítorí náà píksẹ́lì 16 lè bo gbogbo orí náà pátá. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, ó ń hàn nígbà tí kámẹ́rà bá ń fà tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Nínú géèmù ayò tàbí ṣẹ́ẹ̀sì, kí olúwarẹ̀ fowó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

Mọ́nítọ̀ oníkùn ńlá ayé àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń tàn fìrí, á sì kú kí òmíràn tó tàn. Nígbà tí LCD pẹlẹbẹ dé, a rí àyè sórí tábìlì, a sì pàdánù ìyẹn. Ó tún yani lẹ́nu pé kì í ṣe nítorí ohun tó ń sáré lójú ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé LCD 120 Hz wá. Samsung 2233RZ tó jáde ní 2009 wà fún awò 3D ti Nvidia, iléeṣẹ́ tó ń ṣe káàdì àwòrán, tó ń pín 120 sí méjì, ọgọ́ta fún ojú ọ̀tún, ọgọ́ta fún ojú òsì. Awò náà ti di ohun ìgbàgbé. Àwọn onígéèmù ló rí i pé ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ dára.

Mọ́nítọ̀ kọ́ ló ń ya àwòrán o. GPU, káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ló ń yà á, iye tó sì ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń pè ní fps. GPU ni onílù, mọ́nítọ̀ ni oníjó. Onílù yìí kì í lù bákan náà nígbà gbogbo: bí iná àti èéfín bá kún ojú ogun, ìlù á fà, bí ẹni tó ń ṣe géèmù bá kọjú sí ògiri, ìlù á yá. Oníjó ní tirẹ̀, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀. Mọ́nítọ̀ máa ń kun àwòrán láti òkè wá sílẹ̀, nítorí náà bí GPU bá gbé òmíràn dé kó tó kun dé ìsàlẹ̀, àbọ̀ òkè á jẹ́ ti àná, àbọ̀ ìsàlẹ̀ á jẹ́ tòní, ìlà kan á sì la àárín wọn bí aṣọ tó ya.

V-Sync ni oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Wọ́n ní kí onílù máa dúró de oníjó. Aṣọ kò ya mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán tó bá pẹ́ díẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró de ìṣísẹ̀ tó kàn, géèmù á wá máa kọsẹ̀, ọwọ́ tó tẹ máòsì á sì máa retí èsì. Ẹni tó bá sì ti dé òde àríyá rí mọ̀ pé oníjó ló ń tẹ̀ lé ìlù. Nvidia gbé èyí jáde ní 2013 pẹ̀lú G-Sync, tó nílò pátákó tiwọn nínú mọ́nítọ̀, tó sì gbé owó rẹ̀ lọ sókè. Ní 2014, VESA, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ojú kọ̀ǹpútà, fi Adaptive-Sync, irú ètò kan náà, kún ìlànà DisplayPort, ọ̀kan lára wáyà tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́nítọ̀, orí ìyẹn ni AMD, iléeṣẹ́ káàdì tó ń bá Nvidia díje, sì kọ́ FreeSync lé. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Nvidia náà gbà kí káàdì tiwọn máa bá irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ jó.

Lábẹ́ ètò yìí, mọ́nítọ̀ á dúró kí GPU parí àwòrán kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ààlà rẹ̀ ló yẹ ká kà nínú ìwé mọ́nítọ̀. Bí ó bá jẹ́ láti 48 dé 144 Hz, tí géèmù já wálẹ̀ sí 40 fps, mọ́nítọ̀ lè fi àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì kó máa lọ ní 80 Hz, ojú kò ní mọ̀. Èyí tí ààlà rẹ̀ kò ju 48 sí 75 lọ kò ráàyè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìlọ́po méjì 40 ti ju agbára rẹ̀ lọ. FreeSync ni wọ́n á kọ sára páálí méjèèjì.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni pé èèyàn ra oníjó tó yára ju onílù rẹ̀ lọ. Mọ́nítọ̀ 240 Hz tó wà lára GPU tí kò lè yà ju 70 fps lọ, agbada ńlá lórí iná kékeré ni. Iye píksẹ́lì ló sì ń sọ bí ẹrù GPU ṣe wúwo tó. 1080p ní píksẹ́lì 1920 ní ìbú, 1080 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. 1440p sún mọ́ mílíọ̀nù 3.7. 4K lé ní mílíọ̀nù 8, ìlọ́po mẹ́rin 1080p gẹ́lẹ́. Kí èèyàn tó lọ sọ́jà, kó ṣí géèmù tó ń ṣe jù, kó tan òǹkà fps (Steam, ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù lórí kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀ nínú), kó wo iye tó ń jáde níbi tí ogun ti gbóná. Bí ó bá ń rí bíi 90, 144 Hz tó ní Adaptive-Sync tó o. Bí ó bá ń ju 200 lọ, bí Valorant ṣe sábà máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí kò burú, a lè máa sọ̀rọ̀ 240. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí mo máa ń fọwọ́ sí ni ìnṣì 24, 1080p, láàárín 144 sí 180 Hz. Bí GPU bá lágbára, ìnṣì 27 ní 1440p.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe mọ́nítọ̀ ni alájẹkì, GPU ni: káàdì tó ń ya àwòrán 144 ń jẹ iná ju ìgbà tó ń ya 60 lọ. Ẹni tó ń lo inverter lè fi ààlà sí fps nínú géèmù fúnra rẹ̀ nígbà tí iná ìjọba kò bá sí.

Àwọn tó ń lo PlayStation ní ìṣirò tiwọn. PS4 kì í gbé ju 60 Hz jáde, mọ́nítọ̀ 144 kò sì lè sọ ọ́ di nǹkan míì. PS5 dúró ní 120, inú géèmù tó bá gbà á nìkan. Kò gba 1440p títí di oṣù kẹsàn-án 2022. FreeSync orí páálí kò kàn án pẹ̀lú, torí VRR, ètò oníjó-tẹ̀-lé-ìlù tó wà nínú HDMI 2.1, ló ń lò.

Ohun tí wọ́n ń kọ sára páálí ní lẹ́tà gàdàgbà, 1 ms, ni kí èèyàn fi iyè méjì gbà. Àkókò tí píksẹ́lì fi ń kúrò nínú àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, àmọ́ ibi tó ti yára jù ni wọ́n máa ń mú. Lórí 144 Hz, píksẹ́lì gbọ́dọ̀ parí ìyípadà kí 6.9 ms tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú àwòrán àná á máa tẹ̀ lé tòní. Bí wọ́n bá fi ipá lé píksẹ́lì kó yára, á sáré kọjá ibi tó ń lọ, òjìji funfun á wá yọ lẹ́yìn nǹkan. Bí a bá rí MPRT lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1 ms náà, iná ẹ̀yìn ni wọ́n ń tàn tí wọ́n ń pa kí ìran lè mọ́; ojú mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn díẹ̀, Adaptive-Sync sì sábà máa ń kú nígbà yẹn.

Irú ojú tí mọ́nítọ̀ ní ló ń sọ bí èyí ṣe máa rí. TN yára, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. VA mọ dúdú í ṣe, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ ń lọ sí bíi 3000 sí 1 nígbà tí IPS ń rìn ní bíi 1000 sí 1, àmọ́ nínú ihò tàbí lóru géèmù, ọ̀pọ̀ VA máa ń fa dúdú bí èédú. IPS kò ṣe ohun kan tó ga jù, kò sì ṣe ohun kan tó burú, ìyẹn ló mú kó rọrùn láti rà láìbéèrè. OLED ju gbogbo wọn lọ ní yíyára àti dúdú. Àlébù rẹ̀ ni pé ohun tó bá dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bíi àmì ẹ̀mí ní igun géèmù, lè fi àpá sílẹ̀ tí kò ní lọ mọ́.

Wáyà ni ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. HDMI 1.4 tó wà lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sábà máa ń dúró ní 120 Hz fún 1080p. HDMI 2.0 ń gbé 1440p dé 144 Hz, ṣùgbọ́n 60 ló lè gbé fún 4K. DisplayPort 1.4 ń gbé 4K dé 120. Ohun tó wà lára kọ̀ǹpútà àti ohun tó wà lára mọ́nítọ̀ ni kí a wò pọ̀, torí èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń pàṣẹ. Kí a má sì gba “HDMI 2.1” orí páálí gbọ́ lásán: wọ́n lè kọ ọ́ sára mọ́nítọ̀ tí kò lè gbé 4K ní 120 Hz. Ìlà tó sọ iye Hz tí ihò HDMI ń gbà gan-an ni kí a wá.

Fún tòkunbọ̀, kí èèyàn gbé láptọ́ọ̀pù àti wáyà tirẹ̀ dání lọ. Windows sábà máa ń fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀ sórí 60 títí ẹnìkan á fi yí i, nítorí náà àwọn kan ti lo 144 Hz fún oṣù bíi mélòó kan láìmọ̀ pé 60 ni wọ́n ń wò. Settings, System, Display, lẹ́yìn náà Advanced display. Ibẹ̀ ni nọ́mbà náà wà. Bí 144 kò bá sí nínú ohun tí a lè yàn, kí a kọ́kọ́ fura sí wáyà, kí a tó fura sí ọlọ́jà. Bí ó bá wà, kí a fi máòsì yí òbíríkítí kíákíá lójú mọ́nítọ̀ nígbà tó ṣì wà lórí 60, ọfà rẹ̀ á máa fi òjìji sílẹ̀ lọ́nà tó jìnnà síra. Kí a yí i sí 144, kí a tún yí òbíríkítí náà, àwọn òjìji yẹn á sún mọ́ra wọn lójú ọlọ́jà àti oníbàárà.