Olùtọ́jú pàjáwìrì ní ilé-iṣẹ́ eléwu (Èkó)

Olùtọ́jú pàjáwìrì ilé-iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n gbà kí ó máa wà nítòsí ní gbogbo àsìkò tí iṣẹ́ bá ń lọ níbi tí epo, gáàsì, ásíìdì, iná tàbí ẹ̀rọ ńlá ti lè ṣe ènìyàn léṣe. Ní Èkó, apá Mainland ni irú ibi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí: àwọn táǹkì epo Àpápá, Kìríkìrì àti Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, Ògbà, Ìlúpéjú àti Mátórì, títí kan àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi gáàsì ammonia mú yìnyín àti ẹja dì. Páramẹ́díìkì, mẹ́díìkì tàbí nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ lè jẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà nínú ìwé. Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, "nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pe obìnrin, "dókítà" ni wọ́n ń pe ọkùnrin, ì báà jẹ́ pé onítọ̀hún kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀

Bí ọkàn ènìyàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú 4 sí 6 lọ tí ọpọlọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àpápá kò nílò àlàyé ju ìyẹn lọ. Ibẹ̀ kò jìn sí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, bí títì bá dá, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ló ń dá? Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà àti táńkà fi tò lọ rẹrẹẹrẹ láti Oṣòdì dé ẹnu èbúté, tó fi jẹ́ pé ọ̀kadà ló kù tó ń ráyè yọ́ kọjá. Ìgbà tó di oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń pe tírélà wọ èbúté ní ìkọ̀ọ̀kan. LASAMBUS, ètò áńbúláǹsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ti wà láti 2001, 767 tàbí 112 sì ni wọ́n ń pè fún pàjáwìrì, àmọ́ áńbúláǹsì kò ní ìyẹ́. Ẹni tó wà nínú ọgbà ni yóò di ẹ̀mí náà mú títí ọ̀nà yóò fi là.

Ọgbọ́n gbígbé ìtọ́jú tọ aláìsàn lọ kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1965 ni Frank Pantridge, dókítà ọkàn ní Belfast, ṣe ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí, èyí tó ṣeé gbé sínú áńbúláǹsì. Bátìrì mọ́tò ló ń lò, ó sì wúwo tó kílò 70. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé irú rẹ̀ nínú klíníìkì ilé-iṣẹ́ báyìí.

Ní ti òfin, Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 ní kí àpótí ìtọ́jú àkọ́kọ́ wà, kí ẹnì kan sì máa bójú tó o. Àpótí kò tó níbi tí gáàsì olóró bá wà.

Gáàsì, àti àwọn tó ń sáré wọlé

Nígbà tí ariwo bá ta, ohun àkọ́kọ́ tí olùtọ́jú pàjáwìrì tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé kó dúró. Yóò gbójú sókè wo aṣọ gbọọrọ bí apá agbádá tí wọ́n so mọ́ orí òpó láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kó lè gba ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ súnmọ́ ibi ìjàǹbá. Ó ń dun ojú ẹni tí kò mọ̀dí. Wọ́n á ní, ṣé bí ẹ ṣe máa dúró wòran nìyẹn?

Hydrogen sulfide, gáàsì olóró kan, ló fi èyí hàn jù. Ó máa ń wà nínú táǹkì epo rọ̀bì, kòtò ìdọ̀tí àti ibi tí wọ́n ń da omi ẹ̀gbin ilé-iṣẹ́ sí. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló ní, ṣùgbọ́n bó bá ti tó nǹkan bí 100 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó ń pa imú. Ẹni tó bá rò pé òórùn náà ti lọ lè máà mọ̀ pé imú òun ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Carbon monoxide tó ń tinú jẹnẹrétọ̀ jáde kò tilẹ̀ ní òórùn rárá. Gáàsì chlorine wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà inú kòtò àti ìsàlẹ̀ ilé ló ń wọ́ lọ.

Fífọ inú táǹkì ni iṣẹ́ tó ń dẹ́rù ba àwọn tó mọ̀ ọ́n jù. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, olùtọ́jú yóò jókòó sẹ́bàá ẹnu mánhóòlù lábẹ́ agbòòrùn, ìgò ọ́síjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ lára ẹ̀rọ kékeré tí ń ka afẹ́fẹ́. 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ gidi. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 19.5, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìní afẹ́fẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó wọlé ní okùn lára, okùn náà sì kọ́ orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lókè, kí wọ́n lè fà á jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn wọlé.

Ìdí okùn náà rèé. Bí ọ̀kan bá ṣubú nínú táǹkì, ẹnì kejì rẹ̀ kì í rò ó kó tó bẹ́ wọlé. Wọ́n ti jọ jẹun láàárọ̀, wọ́n lè jẹ́ ọmọ àdúgbò kan náà, ta ni yóò dúró? Òun náà á ṣubú, ẹni kẹta á tẹ̀lé e. Ní 1986, NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, kìlọ̀ pé ó ju 60 lọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kú nírú ibi híhá bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ àwọn tó lọ yọ ẹlòmíràn. Nítorí náà, dídi àwọn ènìyàn lọ́wọ́ mú lẹ́nu ihò wà lára ìtọ́jú, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣépè.

Ásíìdì, sódà àti mílíìkì

Omi ni oògùn àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ kẹ́míkà tó bá dà síni lára, omi tó ń ṣàn, fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú. Ó gùn ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹni tí wọ́n ń bomi sí lójú á máa bẹ̀bẹ̀ pé ó ti tó. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ burú ju ọ̀pọ̀ ásíìdì lọ nítorí pé ó lè má tètè dunni. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ gan-an, kí a tó mọ̀, ó ti jẹ wọnú ẹran ara. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun láìmù (kẹ́míkà funfun ni, kì í ṣe èso), gbígbọ̀n ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n dànù kí omi tó kàn án.

Ní ti iná, ìlànà mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń díwọ̀n ibi tó jó lára àgbàlagbà: orí jẹ́ 9 nínú ọgọ́rùn-ún, apá kọ̀ọ̀kan 9, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 18, iwájú ara 18, ẹ̀yìn 18, ojú ara 1. Ẹyin tútù tàbí ọṣẹ ìfọyín tí àwọn ará ibi iṣẹ́ ti fi ra á ni olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ fọ̀ kúrò.

Mílíìkì inú agolo ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń pín in fún àwọn tó ń po ọ̀dà tàbí kẹ́míkà, wọ́n gbà pé ó ń fọ oró kúrò lára. Oúnjẹ ni, kì í fọ ẹ̀dọ̀fóró. Epo pupa tí wọ́n ń rọ sí ẹni tó gbé kẹ́míkà mì lẹ́nu tún burú sí i: bí onítọ̀hún bá bì, epo náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí oògùn kòkòrò mú, tó ń da itọ́, tí ọmọ ẹyinjú rẹ̀ sì sún kì, abẹ́rẹ́ atropine ló nílò.

Ojoojúmọ́

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò sí ariwo kankan. Ibà ni, ẹ̀yìn dídùn, ìka tí irin gé, ooru tó mú ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ onípọn lọ́sàn-án gangan. Ìrora ojú àwọn wẹ́dà máa ń dé lóru: ẹni tó jórin láìfi ìbòjú bò ó ní ọ̀sán kò ní mọ nǹkankan fún bíi wákàtí 6 sí 12, lẹ́yìn náà ni yóò wá dà bíi pé iyanrìn kún ojú rẹ̀.

Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹnì kan tó gba pámíìtì láti wọ táǹkì ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Owó ojúmọ́ ni alágbàṣe ń gbà. Bí wọ́n bá ní kó padà sílé, owó ọjọ́ yẹn ti lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi àìsàn pamọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ tún un wọ̀n," ni wọ́n á máa wí.

Ìwé kíkọ náà ṣe pàtàkì. Òfin Gbà-máà-bínú Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tó fara pa sọ fún ilé-iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí ilé-iṣẹ́ sì fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-máà-bínú náà, létí láàárín ọjọ́ 7. Ìjàǹbá tí kò sí nínú ìwé klíníìkì ṣòro láti fi gba owó.

Nígbà tí áńbúláǹsì bá fi géètì sílẹ̀, bóyá ó ń lọ sí ilé ìwòsàn Gbàgádà nítorí iná tàbí ti Ìgbòbì nítorí egungun, ìwé kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn lọ: aago tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ti ṣe, àti orúkọ kẹ́míkà náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àgbá. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti ṣí kúrò, wọ́n á fi fóònù ya àgbá náà ní fọ́tò, àwọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà tó bá kù lára rẹ̀.